Owó Inú Ìkòkò Tí A Fọ̀ Jù

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tí à ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wa tí ọkọ́ kan ìkòkò owó. Ṣílè wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ tó nihò láàárín náà wà níbẹ̀: owó tí àwọn ìyá wa ń ná kí Nàìjíríà tó ní owó tirẹ̀ ní 1959, kí náírà tó wá dé ní 1973.

Ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó náà sílẹ̀. Òun kan náà ni wọ́n ń ná ní Gánà, Sàró àti Gáḿbíà. Fàdákà ni ṣílè tẹ́lẹ̀. Láti 1920 ni wọ́n ti ń fi idẹ ṣe é.

Kí làwa wá ṣe? A fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn ha á kó lè dán. Ó dán lóòótọ́, àmọ́ omi ọsàn jẹ idẹ, ó sì pọ́n. Iyanrìn pa ọdún ara owó rẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kankan lórí àwọn tó kọ́kọ́ dá èésú lọ́jà yìí. Ọdún yẹn ni ì bá sọ fún wa.

Kọ́bọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ kékeré kan ti mú lọ ṣeré la rí kà: 1936, pẹ̀lú orúkọ Ọba Edward Kẹjọ, tó fi oyè sílẹ̀ lọ́dún náà láìdé adé. Ó kéré tán, a mọ̀ pé wọn ò rì í mọ́lẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú àpótí ìyá yín, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ gba omi ara rẹ̀. Ẹ má ha á. Ọdún ara rẹ̀ la fẹ́ kà, kì í ṣe dídán rẹ̀.