M1911: Ìbọn Ìléwọ́ tí Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ Kò Kúrò Lára Rẹ̀

Ogun Filipíìnì ló bí ìbọn ìléwọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní M1911. Láti 1899 sí 1902, àti nínú ìjà pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí Moro ibẹ̀ tó tẹ̀ lé e, rìfọ́fà tó ń yin ọta .38 ni àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà ń gbé kiri. Ìròyìn tó ń dé Washington kò dára: ẹni tí ọta bà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣì ń sáré bọ̀ tòun ti idà lọ́wọ́. Ní 1904, John T. Thompson, tó jẹ́ ọ̀gá ológun, àti Louis LaGarde, tó jẹ́ dókítà ológun, dán oríṣiríṣi ọta wò lára òkú ènìyàn àti lára màlúù ní ilé ìpamáàlù Chicago. Ìdánwò tó rorò ni, màlúù tí wọ́n lò kò sì pọ̀ tó ohun tí ènìyàn lè fi gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Síbẹ̀, àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ni ìjọba tẹ̀ lé: ọta ìbọn ìléwọ́ ológun kò gbọdọ̀ kéré sí .45.

Ẹni tó ṣe ìbọn tó bá àbọ̀ náà mu ni John Moses Browning, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn láti ìlú Ogden ní Utah. Òun àti ilé iṣẹ́ Colt ní Hartford ni wọ́n jọ ṣe é. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Irin gígùn kan bo ọ̀pá ìbọn lókè; eyín tó wà lẹ́yìn ọ̀pá wọnú kòtò tó wà nínú ìbòrí yìí, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú. Tí ọta bá jáde, agbára rẹ̀ á ti àwọn méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀. Irin kékeré kan tó so ọ̀pá mọ́ ara ìbọn á wá fa ọ̀pá náà sísàlẹ̀, ìbòrí á jáwọ́ lára rẹ̀, á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ sẹ́yìn, á fa èèpo ọta tó ti jó dànù, sipíríǹgì á sì tún tì í síwájú láti gbé ọta tuntun láti inú mágásíìnì. Ọta méje ni mágásíìnì náà ń gbà.

Ní March 1911 ni ìdánwò ìkẹyìn wáyé. Ilé iṣẹ́ Savage nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń bá Colt du iṣẹ́ náà. Wọ́n yin ọta 6,000 láti inú ìbọn kọ̀ọ̀kan. Tó bá gbóná jù, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á tún máa bá a lọ. Ìbọn Savage kọsẹ̀ ní ìgbà 37. Ti Browning kò kọsẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun gbà á.

Ibí yìí ló yẹ kí ẹni tó ń sọ pé ìbọn yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìbọn tí Browning ṣe ní àyè díẹ̀ láàárín irin kan àti èkejì, ìyanrìn àti ẹrẹ̀ inú kòtò ogun kò sì tètè dá a dúró. Ọta olórí roboto kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọta ń gbà wọnú ọ̀pá sì bá orí yẹn mu. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n tún ìrísí rẹ̀ ṣe díẹ̀: ibi tí ìka ń fà kúrú sí i, ẹ̀yìn ìdí ìbọn sì wú síta kó lè jókòó dáadáa lọ́wọ́. Ìyẹn ni M1911A1. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò yí padà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Colt nìkan kò lè ṣe tó. Remington Rand, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ogun náà. Singer, tí kò sí télọ̀ tí kò mọ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣe 500 péré kí ìjọba tó gbé iṣẹ́ mìíràn fún un. Lónìí, àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń du 500 yẹn bí wúrà. Òfin tó de gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ náà ni pé ẹ̀yà ìbọn tí ẹnì kan ṣe gbọ́dọ̀ wọ ti ẹlòmíràn. Àyè tó wà láàárín irin ló mú kí ìyẹn ṣeé ṣe.

Àwọn tó ń fi ìbọn díje ni kò fẹ́ àyè yẹn. Ní Camp Perry ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kan yìnbọn sí àmì tó jìnnà tó 50 yáàdì, ìbọn tó ń mì díẹ̀ kò lè gba ipò. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí fún un pọ̀: wọ́n lu ojú irin tí ìbòrí ń gbà rìn títí yóò fi fún, wọ́n tún òrùka ẹnu ìbọn ṣe kó bá ọ̀pá mu géérégé, wọ́n sì dán ibi ìfà kó má wúwo. Ìbọn náà ń bá ojú àmì, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti dá a dúró. Colt fúnra rẹ̀ náà ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tó ti fún láti ilé iṣẹ́.

Ìṣòro kejì wá láti inú ọta. Nígbà tí ọta tí orí rẹ̀ jin wọ́pọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àtijọ́ kò gbà á, ọta sì ń há. Àwọn bíi Armand Swenson ní California di ìlú mọ̀ọ́ká nítorí pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ojú ìfojúsùn tó tóbi sí i. Jeff Cooper, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Gunsite sílẹ̀ ní Arizona ní 1976, sọ irú ìbọn tí wọ́n tún ṣe báyìí di ohun tí gbogbo ayé ìbọn ń wá. Ohun méjì ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù títí dòní, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi Browning: mágásíìnì tí wọn kò ṣe dáadáa, àti ìkọ́ tó ń fa èèpo ọta jáde. Ìkọ́ yìí fúnra rẹ̀ ni sipíríǹgì ara rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di èèpo mú bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ kò tíì gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n.

Owó iṣẹ́ ọwọ́ yìí gan-an ló ń pín ìbọn náà sí ọlọ́wọ́ àti mẹ̀kúnnù. Ní 1985, ìbọn Beretta 9mm rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ ológun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é fún ará ìlú ń pọ̀ sí i. Armscor, tó wà ní Filipíìnì, ń ṣe èyí tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju $500 lọ: irin dídà ni ara rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ti Wilson Combat ní Arkansas, tí alágbẹ̀dẹ jókòó tì, ń kọjá $3,000. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun orí omi tí wọ́n ń pè ní Marine kò tètè fi í sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn alágbẹ̀dẹ wọn ní Quantico ń fọwọ́ tún ara ìbọn àtijọ́ kọ́, títí wọ́n fi fún Colt ní iṣẹ́ $22.5 mílíọ̀nù ní 2012 láti ṣe tuntun tó lè tó 12,000. Ní 2018, ètò Civilian Marksmanship Program bẹ̀rẹ̀ sí ta ìbọn ológun àtijọ́ fún ará ìlú. Nígbà náà, èyí tí ojú rẹ̀ ti ṣá jù ń lọ ní $850, èyí tó dára jù ní $1,050.