Okùn Oríkèé: Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Abẹ Ẹsẹ̀

Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ṣóńṣó ọmọ ìka. Márùn-ún tó gùn nínú wọn, tí wọ́n nà lọ bá àwọn ọmọ ìka, pàdé egungun kúkúrú mẹ́rin níbi tí okùn bàtà ń gbà kọjá. Ibi ìpàdé yìí ni àwọn dókítà ń pè ní oríkèé Lisfranc. Bí ènìyàn bá já bọ́ lórí ọ̀kadà, tàbí tó ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì ká sí abẹ́ ara rẹ̀, oríkèé yìí lè yẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a dì sí àtẹ́lẹsẹ̀, awọ ibẹ̀ a dúdú. Nígbà mìíràn àwòrán tí wọ́n yà lórí ìdùbúlẹ̀ kì í fi ohunkóhun hàn, àfi èyí tí wọ́n yà nígbà tí aláìsàn dúró lé ẹsẹ̀ náà. Bó bá yẹ̀ gan-an, iṣẹ́ abẹ ló kù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oṣù ìtọ́jú tí aláìsàn yóò fi máa gba àṣẹ lóríṣiríṣi. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa àṣẹ náà ló yẹ ká wò dáadáa, torí bí àṣẹ bá dojú rú, ẹsẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 tọ́jú ọ̀rọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ egungun kò sí lára iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò mú àríyànjiyàn wá rárá. Iṣẹ́ abẹ, oríkèé, kerekere àti ẹ́síréè ti dúró. Píópì náà ti dúró: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n kò sí ìyá arúgbó tí wọn yóò sọ ọ́ fún tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹni tó bá fẹ́ fi “ẹfun ìdì-egungun” rọ́pò rẹ̀ ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ ni. Ohun tí dókítà fi de egungun nínú ẹsẹ̀ ńkọ́, ìbáà jẹ́ síkúrúù, wáyà tàbí pèlébé? Irin ni gbogbo ènìyàn ń pè é: “wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀.” Irin náà tó.

Orúkọ ibi tó ṣèṣe ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. “Àárín ẹsẹ̀” ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti itan. Bí ènìyàn bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, “níbo?” ni ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e, bó bá ní àárín ẹsẹ̀ ni, orúnkún ló máa wá sí ọkàn ẹni tó ń gbọ́. “Agbedeméjì àtẹ́lẹsẹ̀” sàn díẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló tọ́ka sí, nígbà tó jẹ́ pé òkè ni abẹ ń gbà wọlé. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, “ibi okùn bàtà” ló dára jù: ọwọ́ aláìsàn yóò lọ síbẹ̀ tààrà. Nínú ìwé, kí orúkọ Lisfranc dúró. Oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Jacques Lisfranc (1790–1847). Ọ̀nà láti gba oríkèé náà gé ẹsẹ̀ ló kọ ìwé lé lórí ní 1815, kì í ṣe ọ̀nà láti wo èyí tó yẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló wà lórí èsì ẹ́síréè ní Ìbàdàn, òun náà ló wà lórí ti Havana, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ lè dá a mọ̀ níbi tó bá ti rí i.

Fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀, èdè ti pèsè sílẹ̀ tipẹ́. Egungun a máa kán. Oríkèé a máa yẹ̀. Ẹni tó kàn gbé ẹsẹ̀ gba ibi tí kò dára, ó fi ẹsẹ̀ rọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìpalára mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó ń fi ọ̀kan pe èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni dídá egungun padà sí ipò. Teegunteegun ni orúkọ ẹni tó ń ṣe é nílé, inú “tò eegun” ni orúkọ náà sì ti wá. Nítorí náà “ìtò egungun” ni kí a pe iṣẹ́ yìí, “ìtò egungun lábẹ” sì ni ti ọsibítù. Kí atẹ̀wé má fi àmì sílẹ̀ o: ìtò lọ̀tọ̀, ìtọ̀ lọ̀tọ̀. Bí dókítà bá pinnu pé oríkèé náà kò gbọdọ̀ mira mọ́, tó ṣe é kí egungun méjì di ọ̀kan, “ìsọdọ̀kan oríkèé” ló tọ́. “Ìlẹ̀pọ̀” kò tọ́, torí kò sí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ egungun.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ohun tó so egungun mọ́ egungun, èyí tó já nínú ìpalára yìí. Iṣan ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é. Ṣùgbọ́n iṣan ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan ni ẹran apá tó ń ki pọ́pọ́, iṣan náà ni èyí tó fa gìgísẹ̀ sókè. Àwọn kan ní ara “ṣàn” ni iṣan ti wá, pé ohun tó ń ṣàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn kò gbè é, torí ìṣàn ni “ṣàn” ń bí, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, nígbà tí iṣan jẹ́ ohùn àárín méjì. Bí orírun rẹ̀ bá tilẹ̀ dájú, ẹrù tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù.

“Ìdè” ni àwọn mìíràn mú wá, láti ara “dè”. Ó mọ́ra, ó sì kúrú. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìdè já ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ìdè ẹsẹ̀ rẹ̀ já lè má mọ̀ pé ìròyìn búburú ni. Okùn ló kù, okùn náà ló sì yẹ: okùn oríkèé. Okùn a máa já. Okùn ní fọ́nrán, torí náà a lè sọ pé fọ́nrán díẹ̀ ló já nínú rẹ̀, tàbí pé ó já pátápátá, láìdá ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àṣẹ àkọ́kọ́ ni pé kí aláìsàn má fi ẹsẹ̀ náà rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ibí yìí ni àwọn ìdá-ọ̀rọ̀ burúkú ti pọ̀ jù. “Àìgbé-ìwúwo-lé-ẹsẹ̀” dà bí ẹrù tó ń wó lórí ẹni tó rù ú. “Àìgbẹ́sẹ̀lé” tún burú jù ú lọ, torí ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan ti gba ohun ìní ẹlòmíràn ni. “Ìgbẹ́sẹ̀sókè” kò ṣeé mú, a nílò rẹ̀ fún gbígbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí kí wíwú rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. “Ìfẹsẹ̀múlẹ̀” ńkọ́? Ìjọba ti gbà á.

Teegunteegun ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àṣà wọn, wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n a dì í bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn, wọ́n a tú u sínú àgbàlá. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá tẹ ilẹ̀ ni aláìsàn yóò tẹ ilẹ̀. Tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Láti ara rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìpele mẹ́rin tí oníṣègùn ń là kalẹ̀ jáde láìsí wàhálà: àìkanlẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè pátápátá tí ọ̀pá abẹ́ abíyá ń gbé ara, ìfẹsẹ̀kanlẹ̀, tí ọmọ ìka kàn ń fara kan ilẹ̀, ìfẹsẹ̀tẹlẹ̀, tí ara ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú bàtà ìtọ́jú, àti ìfẹsẹ̀dúró, tí ẹsẹ̀ náà ń gbé gbogbo ara. Kí “ẹsẹ̀” má kúrò nínú ẹ̀kẹta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtẹlẹ̀ yóò máa dún bí ìtẹ́lẹ̀ orí àga.

Ti ara yíyá kò nílò ìdá-ọ̀rọ̀, kìkì kí a má da àwọn tó wà pọ̀. Ojú abẹ ló ń jiná, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Egungun ló ń so, ìyẹn gba oṣù. Ìrora ẹsẹ̀ ló ń sàn. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń kọ́fẹ padà, ó sì lè tó ọdún kan. Dókítà tó bá wo ojú abẹ tó wí pé “ó ti jiná” kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sọ ọ̀pá nù. “Ìkọ́fẹpadà” ni kí ó wà lórí ìwé tí oní-físíò ń fún aláìsàn: títẹ ọmọ ìka síwá sẹ́yìn, dídìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà lórí ẹyọ ọ̀kan tó ṣèṣe.