Níbo ni Kúmúyìílọ Wà? Ìyapa Ìṣèlú nínú Ilé Ẹfúnṣetán, láti inú Ìtàn dé inú Sinimá

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé tí ó ti ka eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà léèrè irú ikú tí ó pa Ìyálóde náà, kíá ni yóò dáhùn pé májèlé ni ó jẹ. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti eré. Bí ó bá di ti ìtàn, kò tọ̀nà. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti pa Ẹfúnṣetán lóru, ẹni tí ó sì wà nídìí ọ̀tẹ̀ náà kì í ṣe ará òde. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ó fi hàn wá bí àwọn òǹkọ̀wé eré àti àwọn oníṣẹ́ sinimá wa ti ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣèlú bá ya àwọn tí ó jọ ń gbé inú ilé kan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn. Ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ni bàbá Ẹfúnṣetán, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni obìnrin náà ti di ẹni ńlá. Samuel Johnson sọ pé àwọn ẹrú tí ó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, láìka àwọn tí ó wà nílé. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù, ó sì ń fi wọ́n wín àwọn olórí ogun láwìn. Kókó ni èyí. Nígbà tí Látòósà gba oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1871, Ìyálóde àti Ààrẹ kì í ṣe ìjòyè méjì tí ó jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ olówó àti onígbèsè wà láàárín wọn. Ogun kò dáwọ́ dúró, gbèsè kò san, ó sì sú Ẹfúnṣetán láti máa fi ohun ìní rẹ̀ gbé ogun tí kò fara mọ́. Nígbà tí Ààrẹ ti ojú ogun dé, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kà sí i lẹ́sẹ̀: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun èlò ránṣẹ́ sí òun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè.

Ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán. Kúmúyìílọ, ẹbí rẹ̀ tí ó gbà tọ́ bí ọmọ, ni Johnson sọ pé wọ́n fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà, méjì nínú àwọn ẹrú Ìyálóde sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, wọ́n sì pa á lórí ibùsùn rẹ̀. Nínú oṣù Keje, ìlú pa àwọn ẹrú méjèèjì ní gbangba.

A lè sọ pé ojúkòkòrò ni ó ti Kúmúyìílọ. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn ìgbà náà, bí ìlú bá kọ ìjòyè kan, gbogbo agbo ilé rẹ̀ ni ó wà nínú ewu: wọ́n lè kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì lè fọ́ ilé náà túútúú. Nítorí náà ni àwọn ẹbí mìíràn fi máa ń rọ ìjòyè bẹ́ẹ̀ pé kí ó kú, kí ilé má baà parun. Ẹni tí ó ń gbé ilé Ẹfúnṣetán ní 1874 ní láti yan ọ̀kan: ìyá tí ó tọ́ ọ, tàbí Ààrẹ tí ó ní ìlú lọ́wọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó yani lẹ́nu nígbà náà pé eré tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lórí obìnrin yìí kò fi ikú ilé náà hàn.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ eré náà, ó sì jáde ní ìwé ní 1970. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e káàkiri orí ìtàgé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì wò ó. Ní 1981, Bánkọ́lé Bello darí rẹ̀ ní sinimá. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá ni Ẹfúnṣetán. Nínú eré yìí, gbèsè ìbọn àti ẹ̀tù kò rí àyè. Àìrọ́mọbí ni a fi ṣe gbòǹgbò ìkà Ìyálóde, bẹ́ẹ̀ ìtàn sọ pé ó bí ọmọbìnrin kan, tí ọmọ náà kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Adétutù, ẹrú tí ó lóyún, ni ìkà náà já lé lórí. Ìtáwuyì gbìyànjú láti gbẹ̀san, ó kú. Látòósà wá gba ìlú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Ẹfúnṣetán tán, ó gbé májèlé jẹ. Ìjà kan wà nínú ilé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti olówó ẹrú àti ẹrú ni. Ìjà ìṣèlú wà ní ìta ilé pátápátá, láàárín Ìyálóde àti ìlú.

A kò fẹ́ dá Ìṣọ̀lá lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Eré ni ó kọ, kì í ṣe ìwé ìtàn. Ìyà tí Ẹfúnṣetán fi jẹ àwọn ẹrúbìnrin tí ó lóyún kì í ṣe àdàpa. Johnson kọ ọ́. Ohun kan sì wà tí Ìṣọ̀lá ṣe tí Johnson kò ṣe: ó fún àwọn ẹrú ní ẹnu. Májèlé náà pàápàá bá ìṣe Ìbàdàn mu, nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjòyè tí ìlú kọ̀ ti kú.

Síbẹ̀, ohun tí a pàdánù kò kéré. Bí Kúmúyìílọ ti kúrò lójú, Látòósà di olùgbàlà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò san owó ogun, ta ni ó sì ní àṣẹ láti sọ pé ogun tó, di ọ̀rọ̀ ìwà obìnrin burúkú kan. Bọ́láńlé Awẹ́ kọ̀wé ní 1992 láti dá ọ̀rọ̀ Ìyálóde yìí padà sí ojú ìtàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ka ìwé rẹ̀ kò lè tó àwọn tí ó wo eré. Àwọn òǹwòran 1981 ì bá sì mọ Kúmúyìílọ dáadáa bí wọ́n bá rí i. Ìgbà UPN àti NPN ni, nígbà tí ọmọ ìyá lè máa dìbò fún ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọn kò sì jọ jẹun mọ́.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré yìí lè ka ojú ìwé Johnson wọ̀nyí sí wọn létí lẹ́yìn ìran ìkẹyìn, kí a sì bi wọ́n pé ta ni ó mọ ọ̀nà àjà ilé náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè júwe rẹ̀ fún ẹrú méjì lóru.