Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nínú Ìtọ̀: Ìtàn Àyẹ̀wò Kókó Tó Ń Tú Họ́mọ̀nù Sára

Bí àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bá fẹ́ dá oko kòkó tuntun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló sábà máa ń gbìn sáàárín, kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bo kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Kí kòkó tó so, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń bọ́ ilé, ó sì ti dé ọjà Iléṣà àti Òṣogbo: ẹni tó fẹ́ dín dòdò ń rà á, ẹni tó fẹ́ sun bọ́ọ̀lì ń rà á, oníìpékeré náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kan náà lè mú kí àyẹ̀wò ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko dà bíi ti ẹni tó ní jẹjẹrẹ.

Kókó tó ń tú họ́mọ̀nù sára ni jẹjẹrẹ tí à ń wí yìí. Ó máa ń yọ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mọ̀nù, pàápàá nínú ìfun, àpẹ́ńdíìsì, ẹ̀dọ̀fóró àti pancreas. Ní 1907, Siegfried Oberndorfer, dókítà ará Jámánì, sọ ọ́ ní karzinoide, torí ó rò pé ó kàn jọ jẹjẹrẹ ni, pé kò lè ṣèèyàn ní jàǹbá. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó lè ràn káàkiri. Ní 1953, Fred Lembeck rí họ́mọ̀nù serotonin nínú rẹ̀. Lọ́dún kejì, Jan Waldenström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ṣàlàyé ohun tó ń ṣe aláìsàn tí kókó náà bá ti dé ẹ̀dọ̀: ojú á máa pọ́n lójijì, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, èémí á máa há, fáàfù apá ọ̀tún ọkàn á sì máa bàjẹ́. Lára àwa adúláwọ̀, pípọ́n ojú yẹn kì í hàn bọ̀rọ̀, nítorí náà, lójú tèmi, àyẹ̀wò ṣe pàtàkì fún wa ju fún àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn náà lọ.

Serotonin tí ara bá ti lò tán a máa di èròjà tí wọ́n ń pè ní 5-HIAA, a sì bá ìtọ̀ jáde. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni Albert Sjoerdsma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi wíwọ̀n rẹ̀ dá aláìsàn mọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i ní 1958 pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ń gbé e sókè. Ní 1960, J. M. Foy àti J. R. Parratt, ní Ìbàdàn, kéde pé serotonin wà nínú àgbagbà pẹ̀lú.

Ìyẹn ló wá di ìfura. Àrùn ọkàn kan wà ní ilẹ̀ olóoru, endomyocardial fibrosis, tó máa ń sọ inú ọkàn di àpá. Níwọ̀n bí kókó tó ń tú serotonin ti ń ba ọkàn jẹ́, ṣé kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣe èyí náà? Ní 1966, G. O. Ojo àti Parratt tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú Lancet lórí 5-HIAA inú ìtọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní àrùn náà. Ẹjọ́ tí wọ́n pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ti máa ń pa serotonin inú oúnjẹ run kó tó ṣe ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìtọ̀ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wákàtí 24 ni wọ́n fi ń gba ìtọ̀ náà. Aláìsàn á kọ́kọ́ tọ ti òwúrọ̀ dànù, lẹ́yìn náà á máa tọ gbogbo èyí tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi ásíìdì díẹ̀ sí, títí kan ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ òyìnbó tàbí tòmátò. Ìwé ìtọ́ni tó bá kọ banana nìkan kò tó níbí: ìyá tó ń jẹ dòdò láràárọ̀ ò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Láti nǹkan bí 1986 ni wọ́n ti ń wọn chromogranin A, èròjà tí irú kókó yìí ń tú jáde, nínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ní ẹlẹ́nìní tirẹ̀: omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú tí àwọn kan ń gbé mì bí ẹni jẹ ẹ̀pà, ń gbé e sókè.

Ní ti àwòrán, ọ̀pọ̀ kókó wọ̀nyí ló ní ibi tí họ́mọ̀nù somatostatin ti lè so mọ́ wọn lára. Ní Rotterdam, Eric Krenning àti Steven Lamberts lo ọgbọ́n yìí ní 1989: wọ́n fi èròjà tó ń tan ìtànṣán sára oògùn tó jọ somatostatin, wọ́n gún un fún aláìsàn, ẹ̀rọ sì ya ibi tó lọ bà sí. Indium-111 ni wọ́n lò pẹ́ jù; gallium-68 ló wá fi í sẹ́yìn, àwòrán tirẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 68 péré, ìdajì rẹ̀ ti lọ, kò ṣeé gbé wá láti òkèèrè. UCH Ìbàdàn ní ibùdó irú àwòrán onítànṣán láti 2006, àmọ́ ẹ̀rọ tí gallium ń fẹ́ yàtọ̀ sí kámẹ́rà àtijọ́.

Ní Wesley Guild, Iléṣà, tó wà lábẹ́ ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAU, tàbí ní ti UNIOSUN ní Òṣogbo, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ẹran ara máa ń tẹjú mọ́, ìyẹn máíkírósíkóòpù. Àìrotẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń rí kókó inú àpẹ́ńdíìsì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e tán. Wọ́n á pa á láró láti wá chromogranin, wọ́n á sì wo Ki-67, tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí. Kí gbogbo èyí tó lè ṣeé ṣe, ohun tí dókítà gé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí àwọn ẹbí má sì kọ̀ láti san owó àyẹ̀wò torí pé aláìsàn ti dìde.