Gígé Páànù ní Tútù àti ní Gbígbóná: Ìtàn Iṣẹ́ Irin Pẹlẹbẹ ní Ifọ, Ibafo àti Mowe

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn bí a ti ṣe ń gé irin pẹlẹbẹ, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní páànù, ní agbègbè Ifọ, Ibafo àti Mowe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ti di àṣà láàrin àwa tí ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ láti to ọ̀nà ìgérin bí àtẹ̀gùn. Òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú ni a fi ṣe ìpele àkọ́kọ́. Iná gáàsì tẹ̀ lé e. Iná mànàmáná àti lésà tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ̀rọ tí ń fi omi gé irin ni a sì gbé ka orí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ yóò ka tínkà tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Ifọ sí ẹni tí ìgbà ti fi sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé àtẹ̀gùn náà kò sí. Ọ̀nà méjì ni ó wà, gígé ní tútù àti gígé ní gbígbóná, ẹ̀rọ olómi yìí, bí ó ti wù kí ó jẹ́ tuntun tó, ọmọ ìyá iṣẹ́ tínkà ni.

Kí a tó lọ jìnnà, àlàyé kékeré kan yẹ kí ó wáyé. Odò Ògùn ni a fi sọ ìpínlẹ̀ yìí lórúkọ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, kì í ṣe Ògún òrìṣà irin. Ohùn ni ó ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa, omi àti irin ni a ó máa bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Irin kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa ibi tí ó ti rí àwọn ènìyàn tí ń yọ́ irin láti inú òkúta ní Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà gan-an, irin òkè òkun ti ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú, iṣẹ́ ìyọ́rin sì ń kú lọ. Alágbẹ̀dẹ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Irin tí ẹlòmíràn yọ́ ni ó gbà, tí ó ń fi ewìrì àti owú tirẹ̀ rọ. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé páànù kò sí nínú ohun tí àwọn ayọ́rin àtijọ́ ń ṣe fún títà. Ọkọ́, àdá, ọfà àti ìbọn ni iṣẹ́ wọn. Láti ọ̀dọ̀ òyìnbó ni irin pẹlẹbẹ ti wọlé, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ dání wá.

Ọ̀nà rélùwéè ni ó gbé e dé Ifọ ní púpọ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin náà láti Èkó ní ọdún 1896. A ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ifọ wà lójú ọ̀nà náà, nígbà tí ó sì yá, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Idogo ti ń yà. Àwọn ìwé ìtàn a máa sọ nípa kòkó àti owú tí rélùwéè kó lọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ohun tí ó fi sílẹ̀: garawa karosíìnì, páànù ìbolé, àgbá òfìfo, àti gígékù irin ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Títí di òní, gígékù irin rélùwéè ni ọ̀pọ̀ tínkà àti alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe owú tí wọ́n ń lu nǹkan lé. Kò sí ọjà tí a ti ń tà á ní tuntun fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ó dára jù ú lọ, nítorí ó wúwo, orí rẹ̀ sì tẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ti iṣẹ́ tínkà yìí, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ó fi ìṣó fa ilà sí ojú páànù. Bí páànù náà bá fẹ́lẹ́, àlùmọ́gàjí ni ó fi ń gé e. Bí ó bá nípọn díẹ̀, a tẹ́ ẹ sórí irin rélùwéè, a gbé irin ẹlẹ́nu mímú lé ilà náà, a sì ń fi òòlù lù ú lọ ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé. Lẹ́yìn èyí ni yóò ká etí rẹ̀ wọ inú ara wọn, tí yóò sì fi òjé lẹ̀ ẹ́. Báyìí ni àtùpà, àrọ àti garawa ṣe ń jáde. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni páànù ìrẹ́gbàágùúdá: tínkà á fi ìṣó dá a lu káàkiri, a yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, etí ihò tí ó yọ sókè ni ó ń rẹ́ gbàágùúdá. Láìsí èyí, gàrí ìlú wọ̀nyí kì bá tó ọjà. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, iná kò kan ilà tí a gé rárá. Bí irin ti rí kí a tó gé e náà ni ó rí lẹ́yìn tí a gé e. Ibi tí ọ̀nà náà ti kùnà ni ìnípọn: apá ènìyàn ní ìwọ̀n.

Iná ni ó borí ìnípọn. Ní ọdún 1892 ni Thomas Willson rí ọ̀nà láti máa ṣe kábáàdì púpọ̀. Ní ọdún 1903 ni Fouché àti Picard ní ilẹ̀ Faransé sì gbé ẹnu iná tí ń da gáàsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ́síjìn jáde. Àwọn ọdẹ wa mọ kábáàdì dáadáa, nítorí òun ni ó ń tan fìtílà iwájú orí wọn. Àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá títì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú: wọ́n ń jẹ́ kí omi bá a nínú àgbá, gáàsì a sì jáde. Ẹ kíyè sí i pé omi ni ó ń bí iná náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, irin tí ó nípọn di ohun ojoojúmọ́ ní itòsí Ifọ. Nígbà tí a sì ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, Ibafo àti Mowe tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ilé ń pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ géètì, ilẹ̀kùn irin àti ojú fèrèsé. Iṣẹ́ wẹ́dà gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná ní gbèsè tí ó ń gbà. Gáàsì kì í gé irin níti gidi, jíjó ni ó ń jó o: ọ́síjìn ni ó ń jẹ irin tí ó ti pọ́n. Nítorí náà kò lè gé alumíníọ̀mù tàbí irin tí kì í dípàtà bí ó ṣe ń gé irin lásán. Bí páànù bá fẹ́lẹ́, ooru a mú un ká kò; bí ó bá nípọn, etí ibi tí a gé a le ju ìyókù lọ. Ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí ó dé ní àárín ọ̀rúndún ogún gé alumíníọ̀mù, lésà sì gé ilà tínínrín, àmọ́ yíyọ́ ni àwọn náà ń yọ́ irin.

Ibí ni omi ti wọlé. Ní California ní ọdún 1853, àwọn awagóòlù ti ń fi omi ẹlẹ́nu tóóró wó òkè lulẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, omi tí a fi agbára tì gba ihò kékeré ti ń gé bébà. Irin kò gbọ́. Ní ọdún 1979, Mohamed Hashish, ọmọ Íjíbítì tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn líle mọ́ omi náà, irin, díńgí àti kọnkéré sì gbà. Agbára tí ó ń ti omi ọ̀hún tó 60,000 pọ́n-ùn lórí íńṣì kan níbùú lóròó. Ẹni tí ó bá dúró lọ́dọ̀ fọ́kánáísà ní Ibafo yóò rí i pé bí 35 ni táyà ọkọ̀ kékeré ń gbà. Omi náà kò nípọn ju bíi mílímítà kan lọ, ó sì ń sáré ju ohùn lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi kọ́ ni ó ń gé irin, yanrìn ni. Omi ni ó ń gbé e sáré. Wóró yanrìn kọ̀ọ̀kan ń họ irin díẹ̀, bí ẹnu irin tínkà ti ń ṣe ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Páànù kì í gbóná tó láti ká kò, etí rẹ̀ kì í sì í le.

Bí omi bá jẹ́ ìpele òkè, kò bá yẹ kí nǹkan mìíràn kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó kù. Lórí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lésà yára jù ú lọ dáadáa. Yanrìn rẹ̀ ń tán, a sì gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, èyí tí gbogbo wa mọ ìtàn rẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́: òkúta ẹfun tí a ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì yìí kan náà ni omi abẹ́ ilẹ̀ a máa yọ́ dání bí ó bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ohun tí ó bá sì gbé dání a máa dì mọ́ ẹnu ihò ẹ̀rọ náà. Ẹni tí yóò lò ó nítòsí Ifọ ní láti kọ́kọ́ tún omi rẹ̀ ṣe. Ìnípọn, irú irin, iná àti omi ni ó ń pinnu ọ̀nà tí a ó gbà gé nǹkan. Ọdún tí a dá ẹ̀rọ sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn láàrin àwa nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, a fi ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí a ó ti máa to kẹ̀kẹ́ ẹrù rélùwéè lélẹ̀ ní Kájọlà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Páànù ni ara kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ta ni yóò gé e? Bí àwa òpìtàn bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé tínkà jẹ́ ìpele tí a ti kọjá, àwọn agbanisíṣẹ́ yóò gbà wá gbọ́, ìgbálẹ̀ ni wọn yóò sì fi lé ọmọ tínkà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti mọ ohun tí a ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ àwọn tí ń darí ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé ilà tí a fà kì í ṣe ibi tí a ń gé. Pé ẹnu irin ní ìbú tirẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú ìwọ̀n, kí ohun tí a ń ṣe má baà kéré. Ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ olómi ní láti sọ fún un kí omi gba òde ilà kọjá pẹ̀lú ìdajì ìbú rẹ̀. Tínkà ní Ifọ ń fi ojú lásán wọn ìdajì yẹn kí ó tó gbé òòlù sókè.