Kíkọ́ Ọmọ àti Rírọ Ọmọ: Láti Kúdẹtì Títí Dé Yàrá Ìgbàlejò Wa

Ọ̀nà méjì ni àwọn ìyá wa àtijọ́ ń gbà fún ọmọ ní oúnjẹ. Ọmọ tó ti ń rìn a jókòó ti àwo, a fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè, bí ó bá sì yó, a dìde. Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Ìyá a tẹ́ ẹ sórí itan, a ká àtẹ́lẹwọ́ yí i lẹ́nu bí ife, a sì máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sínú rẹ̀. Ọmọ a máa ké, a máa ta ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbé e mì, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò fi rí èémí mí. Rírọ ọmọ ni wọ́n ń pe èyí. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí pé oúnjẹ lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ọmọ sì tibẹ̀ kú. Síbẹ̀, ìfẹ́ ni ìyá tó ń rọ ọmọ fi ń ṣe é, kì í ṣe ìkà.

Àfiwé yìí ló bá ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láàrin àwọn òbí onígbàgbọ́ lóde òní mu jù lọ lójú tèmi. Àwọn kan ní dandan ni kí a kọ́ ọmọ ní ọ̀nà Olúwa láti kékeré, pé ọmọ tí a kò bá kọ́ nílé, ìgboro ni yóò kọ́ ọ. Àwọn mìíràn ní ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ rárá, pé ńṣe ni à ń fi ìgbàgbọ́ àwọn àgbà rọ ọmọ tí kò tíì ní làákàyè tí yóò fi gbà tàbí kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń ya ìdílé. Àwọn ọmọ kan tí wọ́n dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì ti di òbí báyìí, wọn kò sì fẹ́ mú ọmọ tiwọn wá fún ìrìbọmi. Ìyá-àgbà ń sunkún nílé, ó ń bèèrè ohun tí òun ṣe tí kò dára.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jà á, àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ń bọ òrìṣà, nígbà tí àlejò dé tó ní kí wọ́n fún òun lọ́mọ láti kọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kò pẹ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ìyẹn C.M.S., fi tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di ọdún 1846, Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther ti wọ Abẹ́òkúta. Àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyí tètè rí i pé àgbà kò rọrùn láti yí padà. Baálé tó ní ìyàwó mẹ́ta, tó joyè, tí òrìṣà ìdílé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mélòó ni yóò fi sílẹ̀? Ọmọdé kò ní ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wà nítòsí rẹ̀. Wọn kò fi èrò wọn pamọ́: ọ̀nà ìyípadà ọkàn ni ilé-ẹ̀kọ́, ìwé kíkà sì ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ìbàdàn ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti ìyàwó rẹ̀ Anna, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dó sí Kúdẹtì. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ọmọkùnrin tí kò lè ja ogun kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn òbí ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ti tẹjú mọ́ ìwé, ojo ni yóò dà. Olóyè Olúnlóyọ̀ ló fi ìgboyà fa ọmọ méjì kalẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínyẹlé àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Yéjídé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í kàn lọ kàwé kí wọ́n sì padà sílé bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ṣe lónìí. Inú ọgbà míṣọ́n ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀, Anna sì ni wọ́n ń pè ní Ìyá.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìgbàgbọ́ rọ ọmọ, kò sí ètò tó dára ju èyí lọ: ẹ gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀, ẹ fún un ní ìyá mìíràn, ẹ fún un ní aṣọ mìíràn, ẹ sì fi orúkọ mìíràn pè é ní ọjọ́ ìrìbọmi. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Katikísímù lé e lọ́wọ́.

Nípa Katikísímù yẹn, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé àkọ́sórí ni àléébù rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá a máa fi ọ̀pọ̀ ọdún há ẹsẹ̀ Ifá sórí, ọmọ ilé-kéú a máa ké Àlùkùránì kí ó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ onílù ń gba oríkì sórí lẹ́nu baba rẹ̀. Bí àkọ́sórí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kí a wò nínú Katikísímù ni pé ìbéèrè àti ìdáhùn ló fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ ló ni ìbéèrè, ìwé ló sì ni ìdáhùn. Ọmọ kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Tí ọmọ bá bèèrè ohun tí kò sí nínú ìwé, kò sí ojú ewé tí olùkọ́ yóò ṣí. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń di ohun tí à ń rọ ọmọ.

Àmọ́, ìtàn Kúdẹtì kò parí síbẹ̀, àwọn tó sì ń fi ẹnu kan ṣoṣo bú àwọn míṣọ́nnárì kì í sábà ka apá tó kù. Ní ọdún 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti àwọn ará Ìjàyè tí Ẹ̀gbá gbè lẹ́yìn. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, owó àti ẹrù kò wọlé mọ́. Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ lè ti bọ́ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ kí ẹnu tí wọn yóò bọ́ lè dín kù. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí wọ́n lè rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ, ebi sì pa wọ́n pọ̀. Ọmọ tó bá rí irú èyí kò nílò kí a fi pàṣán kọ́ ọ ní ohun tí ìfẹ́ ọmọnìkejì túmọ̀ sí. Nínú àwọn ọmọ ilé yẹn ni Daniel Olúbí ti jáde, ẹni tó ti Abẹ́òkúta bá wọn wá, tó sì di àlùfáà tó bójú tó ìjọ Ìbàdàn lẹ́yìn wọn.

Samuel Johnson náà dàgbà sínú míṣọ́n Ìbàdàn yìí, ọmọdé ni nígbà tí baba rẹ̀ kó ẹbí wá síbẹ̀ láti Sàró. Ó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Bí ó bá ṣe pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni kí ó kẹ́gàn ohun ìbílẹ̀, kò ní jókòó ti àwọn arọ́kìn láàfin, kí ó máa bi wọ́n nípa Ọ̀rànmíyàn àti Ṣàngó, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ títí iṣẹ́ náà fi parí ní ọdún 1897. Àbúrò rẹ̀, Ọbadáyà, ló tún un ṣe, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1921. Onígbàgbọ́ ni Johnson títí ó fi kú, ó sì gbà pé ọ̀nà àwọn baba òun nípa òrìṣà kò tọ́. Síbẹ̀, ó bèèrè, ó sì tẹ́tí. Láàrin àwọn méjèèjì yìí, ìgbàgbọ́ tó dúró ṣinṣin àti etí tó ṣí sílẹ̀, ni mo ti rí ohun tí mo ń pè ní ẹni tí a kọ́.

Crowther fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n jí i gbé ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní 1825. Nígbà tó pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní 1846, ọdún bíi márùn-dín-lọ́gbọ̀n ti kọjá. Ọdún 1848 ni ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi. Bákan náà, nígbà tó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ sọ̀rọ̀ ní Lọ́kọ́ja ní ọdún 1869. Kò fi bò pé ẹ̀sìn Kristi wá láti rọ́pò àwọn ẹ̀sìn tí òun kà sí èké, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe láti pa àṣà orílẹ̀-èdè run. Kí wọ́n má ṣe kẹ́gàn òwe, orin àti ìtàn àwọn ènìyàn, kí wọ́n lò wọ́n. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tó ṣe ìdajì nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ka Ìwé Mímọ́ ní Yorùbá lè kà á sí ìyá rẹ̀ létí, ìyá rẹ̀ sì lè já a ní koro. Èdè tí gbogbo ilé gbọ́ kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ di àṣírí láàrin olùkọ́ àti ọmọ.

Gbogbo wọn kọ́ ló gba ìmọ̀ràn Crowther. Àwọn ọmọ púpọ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ jáde tí wọ́n ń tijú ìlù, tí wọ́n ń tijú orúkọ, tí wọ́n ń pe baba tó bí wọn ní kèfèrí lójú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí David Brown Vincent, ọmọ kátíkíìsì C.M.S., tí a bí ní ọdún 1860, fi ju orúkọ yẹn nù ní ọdún 1894 tó sì di Mọ́jọlá Agbébí. Aṣọ ìbílẹ̀ ló ń wọ̀. Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sì ni títí dé òpin. Ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú ẹ̀wù òyìnbó tí wọ́n fi wé e fún un, ó mú èyí tó wù ú, ó da èyí tó kù nù. Ẹni tí wọ́n rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé mì, kò mọ adùn tàbí ìkorò rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ló rí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ ìwé, ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ló sábà wà, ọmọ sì lè wọlé ní Mùsílíù kí ó jáde ní Moses. Ní ọdún 1896 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó; ní 1923, ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń pinnu ohun gbogbo. Moshood Abíọ́lá kàwé ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, Mùsùlùmí ló sì wà títí ó fi kú. Wọlé Ṣóyínká, ẹ̀wẹ̀, ọmọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's, inú ọgbà àlùfáà ní Aké ló dàgbà sí. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tó jáde ní 1981, ó sọ bí àwòrán àwọn ènìyàn inú gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe jọ egúngún lójú òun, àti bí òun kò ṣe yé bèèrè. Ògún ló wá gba ipò àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan yóò ní ẹ̀kọ́ ilé yẹn kùnà. Èmi rò pé ilé tí ọmọdé ti lè béèrè irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń rọ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pàṣán kò jìnnà síbẹ̀.

Ní tiwa lónìí, a ti ń rọ ọmọ ju àwọn míṣọ́nnárì lọ. Mo sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Kátíkíìsì ayé ìgbà yẹn ní ìwé tó lè fi hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìbẹ̀rù nìkan la ní. A ń fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù ba ọmọ ọdún mẹ́rin kí ó lè sùn. Ọmọ béèrè ìdí tí Ọlọ́run fi jẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun kú, a ní ẹ̀mí èṣù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa mọ ewu yìí ní ilé-ẹ̀kọ́. Abala kejìdínlógójì ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kópa nínú ìjọsìn, tí kì í bá ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Òbí ni òfin fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Kò sí abala tó wọ yàrá ìgbàlejò wa láti wo ohun tí òbí náà ń ṣe.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin àti sùtánà lọ sí kíláàsì. Àwòrán wọn kárí ayé. Nínú àwọn ìròyìn tí mo kà lọ́sẹ̀ yẹn, a gbọ́ ohùn àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn méjèèjì, a gbọ́ ti ìjọba, a gbọ́ ti agbẹjọ́rò. N kò rí èyí tó bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú sùtánà náà pé, ìwọ, kí ni o rò?