Ìjà Oníbodè: Ìdí tí Kọ̀ǹpútà tó ní Windows àti Linux Fi Ń Kọ̀ láti Dìde

Ní Akoka, ní Yabatech àti káàkiri Yaba, ó wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ ra làptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí Windows wà nínú rẹ̀, kó sì fi Linux sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó lè tan ẹ̀rọ náà kó má rí nǹkan kan ju ojú dúdú àti ọ̀rọ̀ yìí lọ: "grub rescue>". Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn sì máa ń fún un ni pé kó lọ fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn lè gbé iṣẹ́ àṣekágbá odidi ọdún kan lọ. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì kankan ò sọnù. Oníbodè ni kò mọ̀nà mọ́. Ìtàn oníbodè yìí ló yẹ ká mọ̀.

Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní 1981, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ BIOS ló máa ń kọ́kọ́ jí. Òun ló ń yẹ ara ẹ̀rọ wò, tó sì ń pe ètò tó máa darí ẹ̀rọ. Ní 1983, PC DOS 2.0 mú MBR dé: 512 byte péré ní ìbẹ̀rẹ̀ hard disk. Inú àyè tóóró yìí ni oníbodè àti àkọsílẹ̀ ìpín mẹ́rin inú dísìkì jọ há sí. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Bí a bá fi Windows sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn Linux, Windows á lé oníbodè tó bá níbẹ̀, á sì fi tirẹ̀ síbẹ̀ láìbéèrè.

Ní 1995, Erich Boleyn bẹ̀rẹ̀ GRUB nígbà tó ń wá ọ̀nà láti gbé GNU Hurd dìde. Oníbodè yìí lè ka fáìlì fúnra rẹ̀, ó sì ń bi onílé pé ta ni kí òun ṣílẹ̀kùn fún. Ní 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá Ubuntu sílẹ̀. Títí di 2011, wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè.

Ìjà náà dé Nàìjíríà. Ní 2007, Mandriva, ilé iṣẹ́ Faransé, kéde pé òun gba iṣẹ́ láti fi Linux sínú kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 fún àwọn ilé ìwé wa. Kò pẹ́ tó tún fi pariwo pé wọ́n ní Windows ló máa rọ́pò rẹ̀. Lójú àwọn tó ń jà nígbà náà, ọ̀kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ méjèèjì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa fi ṣe é.

Láti ìgbà Windows 8 ní 2012, UEFI gba ipò BIOS nínú làptọ́ọ̀pù tuntun. Ètò kọ̀ọ̀kan wá ní fódà tirẹ̀, Secure Boot sì ń yẹ ìwé ẹ̀rí oníbodè wò. Síbẹ̀ ìjà ò tán. Ní August 2024, àtúnṣe kan láti ọ̀dọ̀ Microsoft dí ọ̀nà mọ́ Linux lórí àwọn ẹ̀rọ kan tó ní méjèèjì. Ohun tí wọ́n rí lójú ẹ̀rọ ni "Something has gone seriously wrong". Fáìlì wọn wà níbẹ̀ digbí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ máa ń sọ ìgbà tí ìjà náà ti wá. "NTLDR is missing" jẹ́ ti ìgbà Windows XP. "BOOTMGR is missing" dé pẹ̀lú Vista. "grub rescue>" ń sọ pé GRUB jí ṣùgbọ́n kò rí ìpín tí fáìlì rẹ̀ wà, bóyá torí pé ẹnì kan ti pa ìpín Linux rẹ́ láti inú Windows. Bí Windows bá sì ń wọlé tààrà láìsí ìbéèrè, ẹ wo ètò UEFI bóyá òun ló ti bọ́ síwájú.

Ẹ fi Ubuntu sórí flash, ẹ fi í tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún GRUB fi sí i. Kí ẹ tó fọwọ́ kan Secure Boot, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín sọ́wọ́, torí Windows lè béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùnṣe, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, kí ẹ sì sọ fún un pé oníbodè nìkan ni kó tún ṣe.